Bí ẹ ṣe lè kúrò lórí DSLR bọ́ sórí kámẹ́rà aláìnídígí láìjẹ́ kí owó wọgbó: ìtọ́sọ́nà fún ayàwòrán Àbújá àti òkè Ọya

Ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń yàwòrán fún ìgbádùn ti ń ṣìnà tí wọ́n bá fẹ́ fi DSLR (kámẹ́rà tó ní dígí nínú) sílẹ̀ fún mirrorless (èyí tí kò ní dígí): bọ́dì, ìyẹn kámẹ́rà láìsí lẹ́ńsì, ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà. Wọ́n á ná an ní Wuse, wọ́n á gbé e dé Kubwa, wọ́n á fẹ́ ki lẹ́ńsì 50mm tó ti mọ́ wọn lọ́wọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò ní wọlé. Wọ́n á wá àdápítà olówó pọ́ọ́kú, òrùka tó ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ bọ́dì tuntun. Lẹ́ńsì á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní fa fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ni pé kò ní mú ohun tí wọ́n ń yà ṣe kedere fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó yanjú ìyẹn, bátìrì ti kú láàárín ayẹyẹ ìkómọ, àwòrán inú gbọ̀ngán sì ti ní ìlà lára bí aṣọ òfì. Lẹ́yìn oṣù kan wọ́n á ní kámẹ́rà tuntun kò dára. Kámẹ́rà náà ò lẹ́bi. Wọ́n fi ẹ̀yìn ṣe iwájú ni.

Kámẹ́rà aláìnídígí ni a ó máa pe mirrorless níbí, torí ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: dígí tó máa ń fò sókè nínú DSLR nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo àǹfààní rẹ̀ àti gbogbo wàhálà rẹ̀, àyè tí dígí yẹn fi sílẹ̀ ni wọ́n ti ń wá.

Ohun tí ẹ ó kó jọ kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà

- DSLR yín, gbogbo lẹ́ńsì, gbogbo bátìrì àti fíláàṣì yín, lórí tábìlì kan, pẹ̀lú ìwé àti bírò
- àdápítà tó bá lẹ́ńsì yín mu (Ìpele 1 ló máa sọ irú èyí tí ẹ nílò)
- bátìrì méjì yàtọ̀ sí èyí tó bá bọ́dì wá
- káàdì SD méjì, 64 GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kọ V30 sí lára
- rọ́bà tí a ń fọwọ́ tẹ̀ láti fẹ́ eruku dànù, èyí tó tóbi tó ìkúùkù, kì í ṣe kékeré tó ní búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu
- ọ̀rá nílá tó ní síìpù, méjì tàbí mẹ́ta
- páwà báǹkì tó ní ojú USB-C tí wọ́n kọ PD sí

Ẹ má tíì ta ohunkóhun. DSLR yín ṣì níṣẹ́ tó máa ṣe.

Ìpele 1: Lẹ́ńsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ kọ orúkọ lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí etí rẹ̀, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yẹ̀. Lẹ́tà kékeré ló máa sọ bóyá owó yín wà láàyè.

Láti ẹnu bọ́dì, níbi tí lẹ́ńsì ti ń wọlé, dé ojú sẹ́ńsọ̀ (awo inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀), milimita 44 ni nínú DSLR Canon. Nínú Canon tuntun tó ń lo lẹ́ńsì RF, milimita 20 ni. Ti Nikon, 46.5 ni láyé DSLR, 16 ni nínú ìdílé Z. Àdápítà kàn ń dí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni: milimita 24 fún Canon, 30.5 fún Nikon. Ìdí nìyẹn tí lẹ́ńsì àtijọ́ fi lè gun bọ́dì tuntun, tí lẹ́ńsì tuntun kò sì lè gun bọ́dì àtijọ́ láéláé. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta àdápítà tó máa gbé lẹ́ńsì RF sórí DSLR Canon 80D fún yín, ẹ máa bá tiyín lọ.

*Tí lẹ́ńsì yín bá jẹ́ Canon EF tàbí EF-S:* ẹ ti rí ọ̀nà àbáyọ. Mọ́tò fókọ́ọ̀sì wà nínú lẹ́ńsì EF fúnra rẹ̀, nítorí náà pẹ̀lú àdápítà EF-EOS R, gbogbo wọn ló máa fa fókọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ kan wà lórí EF-S ṣá o. Tí ẹ bá gbé e sórí bọ́dì sẹ́ńsọ̀ ńlá (full-frame), kámẹ́rà á gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kúrò fúnra rẹ̀. Lórí R6 tó ní megapixel 20, nǹkan bíi 8 ló máa kù fún yín. Ẹni tó jẹ́ pé 18-55mm àti 10-18mm nìkan ló ní kò nídìí láti ra R6.

*Tí ó bá jẹ́ Nikon:* ẹ wò ó dáadáa bóyá AF-S, AF-P tàbí AF lásán tó ní D lẹ́yìn ni wọ́n kọ sí i. AF-S àti AF-P máa fa fókọ́ọ̀sì lórí àdápítà FTZ tàbí FTZ II. AF-D ò ní fà á. Lẹ́ńsì AF-D kò ní mọ́tò nínú. Bọ́dì bíi D7000, D7200 àti D7500 ló ń fi irin kékeré kan tó wà lẹ́nu wọn yí i. FTZ kò ní irin yẹn. 50mm f/1.8D tí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn wọ ẹgbẹ́ yìí, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ tí ẹ bá gbé e lọ sórí Z.

*Tí ẹ bá ní lẹ́ńsì Canon tí ojú yín sì wà lára Sony:* àdápítà ilé-iṣẹ́ mìíràn, bíi Sigma MC-11, wà fún un, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì Sigma gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Lẹ́ńsì Canon lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí rẹ̀, ó sì lè máa wá fókọ́ọ̀sì síwá sẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ní lẹ́ńsì gidi méjì lọ́wọ́, kó dúró sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n.

Ibi tí èèyàn pọ̀ jù ti ń ṣubú nìyí: àdápítà tí kò ní wúrà wẹẹrẹ nínú. Ẹ wo inú òrùka rẹ̀. Tí ẹ kò bá rí ìlà wúrà kéékèèké lójú méjèèjì, páìpù lásán ni. Lẹ́ńsì EF kì í ṣí, kì í pa, láìsí iná, torí náà ẹ kò ní lè yí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ láti f/1.8 tó fẹ̀ sí f/8 tó há lórí páìpù yẹn, fókọ́ọ̀sì ò sì ní ṣiṣẹ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún Canon M50 àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí orúkọ wọn fi M bẹ̀rẹ̀. Aláìnídígí ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n EF-M ni ẹnu wọn. Kò sí àdápítà tó máa gbé lẹ́ńsì EF-M lọ sórí R lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá rà á, ó ti ra òpópónà tí kò jáde síbì kankan.

Àyẹ̀wò: ní iwájú orúkọ lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ "á fa fókọ́ọ̀sì" tàbí "kò ní fà á". Tí èyí tó máa fà á bá ju ìdajì lọ, ẹ dúró sí ilé-iṣẹ́ yín, àdápítà ni ẹ ó kọ́kọ́ rà. Tí kò bá tó ìdajì, ẹ gbàgbé àdápítà, kẹ́ ẹ ṣètò láti ta lẹ́ńsì àti bọ́dì pa pọ̀ ní Ìpele 8, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìpele 2: Bátìrì ló máa yan bọ́dì fún yín

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná kí á tó sọ ti àwòrán. DSLR kì í tan síkírínì kankan nígbà tí ẹ bá ń fojú wò. Aláìnídígí ń tan sẹ́ńsọ̀ àti síkírínì kan ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn. Canon 80D lè yà tó 960 lórí bátìrì kan nínú ìdíwọ̀n ilé-iṣẹ́. Nikon Z50, nǹkan bíi 300 ni. Bí iná NEPA ò bá dúró ní agbègbè yín, ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju iye megapixel lọ.

Ẹ wo bátìrì tó wà lórí tábìlì yín:

- LP-E17, ti 750D, 800D àti 200D: ó wọ R50, R10, R8 àti RP.
- LP-E6, ti 60D, 70D, 80D àti 90D, 6D àti ìdílé 5D láti Mark II: ó wọ R6 àti R7. Àmọ́ èyí tó lọ́jọ́ lórí jù, tí kò ní N lẹ́yìn, kámẹ́rà ò ní gbà láti ṣájì rẹ̀ láti ojú USB. Ẹ tọ́jú ṣájà rẹ̀.
- EN-EL15 ti ìdílé D7000: ìdílé kan náà ni Z5 àti Z6 ń lò. Èyí tó bá ní b tàbí c lẹ́yìn nìkan ló ń gba iná láti ojú USB.
- LP-E8, LP-E10 àti EN-EL14 (600D, 700D, 1200D, 2000D, D3100 àti D5100 pẹ̀lú àwọn àbúrò wọn): wọn ò wọ ọ̀kankan nínú àwọn tuntun. Ẹ fi owó bátìrì mẹ́ta kún ìṣirò yín.

Ohun méjì mìíràn ló kù. R7, R6, Z5 àti Z6 ní sẹ́ńsọ̀ tó ń ré léfòó láti gba ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ mọ́ra. R50, R10, R8, RP àti Z50 kò ní in. Ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ràn láti máa yà ní ìrọ̀lẹ́ láìlo irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì: Z30 kò ní ihò tí a ń fojú wò rárá, síkírínì ẹ̀yìn nìkan ló ní. Ní oòrùn ọ̀sán Àbújá, ẹ kò ní rí nǹkan kan lórí síkírínì ju ojú ara yín lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe fídíò nínú yàrá.

Ìpele 3: Ìdúnàádúrà àti àyẹ̀wò tòkunbọ̀

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Banex, Emab tàbí ibi yòówù tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, ẹ mú káàdì tiyín, bátìrì tiyín, lẹ́ńsì tiyín àti àdápítà tiyín dání. Ẹ má gbà kí wọ́n fi lẹ́ńsì ìsọ̀ dán an wò fún yín nìkan. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ tan án, ẹ lọ síbi èdè nínú ménù. Àwọn Sony kan tí wọ́n ṣe fún títà ní Japan nìkan kì í ní èdè mìíràn nínú ju ti ibẹ̀ lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí i padà. Ibí ni ẹ ti máa mọ̀.
2. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo wúrà ẹnu bọ́dì. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ́, kí wọ́n wà ní ìlà kan, kí ọ̀kankan má ti wọlé.
3. Ẹ gbé lẹ́ńsì padà, ẹ fi sí f/16, kí ISO (agbára tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀) wà ní 100, ẹ da fókọ́ọ̀sì rú pátápátá, ẹ ya bébà funfun kan. Ẹ fẹ àwòrán náà lójú. Àmì róbótó tó rọ̀ bí èéfín, eruku ni, ó ṣeé fọ̀. Ìlà tó mú ṣáká tàbí àmì àwọ̀ tí kì í kúrò lójú kan, ìpalára ni.
4. Ẹ dé ojú lẹ́ńsì pa, ẹ yà á fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní ISO 1600. Àmì pupa, funfun tàbí àwọ̀ ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ò burú. Tí wọ́n bá pọ̀ bí ìràwọ̀, ẹ fi sílẹ̀.
5. Ẹ wo inú ihò ìwòran dáadáa pẹ̀lú bébà funfun níwájú lẹ́ńsì. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n pípọ́n tàbí dúdú tó dúró sójú kan, oòrùn ti gba ẹ̀yìn wọlé jó síkírínì kékeré náà.
6. Ẹ yà á nígbà mẹ́wàá ní 1/4000 ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá apá kan ṣókùnkùn ju apá kejì lọ. Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń pa níwájú sẹ́ńsọ̀, ti ń rẹ̀.

Àwọn kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ wọn ń ré léfòó, tí ẹ bá mì wọ́n nígbà tí wọ́n wà ní pípa, ẹ ó gbọ́ tí nǹkan ń lù gbọ̀ngbọ̀n nínú. Kò bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ ni kò tíì rí iná tó máa gbé e dúró. Ẹ tan án, kẹ́ ẹ tún un mì díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tí kò bá dákẹ́, ẹ gbé e fún wọn padà.

Àyẹ̀wò: nọ́ńbà abẹ́ bọ́dì bá ti páálí mu, ó wà lórí rìsíìtì tó ní òǹtẹ̀, ẹ sì ti ya rìsíìtì náà sórí fóònù. Ẹ ó dúpẹ́ pé ẹ ní in lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró lójú ọ̀nà Káduná.

Ìpele 4: Eruku. Ẹ fara balẹ̀ níbí

Bí ẹ kò bá ní ka ìpele mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú DSLR, tí ẹ bá yọ lẹ́ńsì, dígí wà níwájú, ṣọ́tà wà lẹ́yìn rẹ̀ ní pípa, sẹ́ńsọ̀ wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì bí ìyàwó inú ìyẹ̀wù. Nínú aláìnídígí, sẹ́ńsọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ máa rí. Ojú rẹ̀ ló ń tàn sí yín yẹn. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta, ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, ó sì kúnná tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a tì.

EOS R, R5 àti R6 máa ń pa ṣọ́tà dé e tí ẹ bá ti pa kámẹ́rà. RP kì í pa á. Ṣọ́tà yẹn pàápàá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìka kò gbọdọ̀ kàn án.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ lẹ́ńsì lókè Ọya rèé:

1. Ẹ wọ inú yàrá tàbí inú ọkọ̀. Ẹ gbé gíláàsì ọkọ̀ sókè, ẹ pa AC, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kí eruku balẹ̀.
2. Ẹ pa kámẹ́rà. Ó máa gbọn sẹ́ńsọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan láti gbọn eruku dànù. Ẹ jẹ́ kó parí.
3. Ẹ fẹ́ eruku kúrò ní ìdí lẹ́ńsì tuntun àti nínú ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdérí yìí ni ọ̀pọ̀ kì í fọ̀, òun gan-an ló sì ń kó eruku wọlé jù: inú àpò ni wọ́n máa ń jù ú sí, lójú sókè.
4. Ẹ dojú kámẹ́rà kọlẹ̀. Ọwọ́ kan yọ èyí tó wà lórí rẹ̀, ọwọ́ kejì ti èyí tó ń bọ̀ wọlé. Kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ.

Ní pápá Durbar ọdún Iléyá ní Kánò, níbi tí ẹsẹ̀ ẹṣin ti ń tú ilẹ̀, ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì rárá. Ẹ gbé ọ̀kan tó gùn díẹ̀, bíi 70-300mm, sórí rẹ̀ láti ilé, kó sì dúró síbẹ̀ títí ẹ ó fi padà. Ẹ fi àdápítà sílẹ̀ lára bọ́dì títí lọ, bí ó ṣe máa dà bí ara kan náà: oríkèé kan tí a ń ṣí sàn ju méjì lọ.

Tí eruku bá ti wọlé, rọ́bà ni kẹ́ ẹ fi fẹ́ ẹ, pẹ̀lú ojú kámẹ́rà nílẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ máa ta sí i. Ẹ má sì gbé e lọ bá fọkanáísà pé kó fi páìpù táyà fẹ́ ẹ: omi àti ọ́ìlì wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, ó sì lágbára tó láti ya ṣọ́tà. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, igi fífọ sẹ́ńsọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, fífẹ̀ milimita 16 fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, 24 fún ńlá, pẹ̀lú ẹ̀kán omi rẹ̀ méjì péré. Ẹ fà á láti ọ̀tún sí òsì lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí i padà, ẹ fà á láti òsì sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sọ ọ́ nù. Igi kan kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pàápàá sẹ́ńsọ̀ tó ń ré léfòó.

Nígbà òjò, òtútù AC ni ọ̀tá. Ẹ ti kámẹ́rà bọ inú ọ̀rá onísíìpù kẹ́ ẹ tó jáde látinú yàrá tútù, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níta. Ara ọ̀rá ni omi máa mú, kì í ṣe ara lẹ́ńsì.

Àyẹ̀wò: f/16, ojú ọ̀run tó mọ́, fókọ́ọ̀sì dídàrú. Tí ẹ bá fẹ àwòrán náà lójú tí àmì tí ẹ rí kò ju mẹ́ta kéékèèké lọ, iṣẹ́ yín dára. Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìjáde, kì í ṣe láàárọ̀ rẹ̀.

Ìpele 5: Ohun tí ẹ ó yí nínú ménù kí àwòrán àkọ́kọ́ tó jáde

Ẹ fi kámẹ́rà fúnra rẹ̀ nu káàdì mọ́, ẹ má lo èyí tó ṣì ní fáìlì DSLR. Ẹ gba ẹ̀dà tuntun ètò inú bọ́dì àti ti àdápítà láti ojúlé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ẹ gbé e sí ìta gbangba káàdì, kì í ṣe inú fódà, kẹ́ ẹ sì ṣe é pẹ̀lú bátìrì tó kún. Ẹ ní kó máa pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ pa Wi-Fi àti Bluetooth. Ìyẹn nìkan á fi kún ọjọ́ ayé bátìrì yín.

Ó wá kan ohun méjì tó ń dààmú èèyàn jù.

*Ìlà inú gbọ̀ngán.* Aláìnídígí lè yàwòrán láìdún rárá. Ó dùn mọ́ni nínú ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n láìdún yẹn, ìlà lẹ́yìn ìlà ni sẹ́ńsọ̀ ń ka àwòrán láti òkè wá sílẹ̀. Iná Nàìjíríà ń lọ ní 50 Hz, ọ̀pọ̀ gílóòbù sì ń ṣẹ́jú nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá yà ní 1/500, ìlà kan á rí iná nígbà tó tàn, èyí tó tẹ̀ lé e á rí i nígbà tó ń kú lọ, aṣọ òfì á sì jáde. Ẹ pa ìyàwòrán aláìdún, ẹ lo ṣọ́tà onírin, kẹ́ ẹ sì fi sí 1/50 tàbí 1/100 lábẹ́ iná inú ilé. Iná orí ìtàgé tó ń pààrọ̀ àwọ̀ kì í tẹ̀ lé ìṣirò yìí. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò.

R50 àti R8 kò ní ṣọ́tà onírin tó pé: ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ iná ni, ìparí ni irin. Ó dára fún iṣẹ́ gbogbo, àfi tí ẹ bá ya f/1.8 nínú oòrùn ní ohun tó ju 1/2000 lọ. Bọ́ọ̀lù ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn àwòrán á dà bí èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ẹ dín ìyára kù, tàbí kẹ́ ẹ pa lẹ́ńsì dé f/2.8.

*Ihò tó ṣókùnkùn tí ẹ bá so fíláàṣì.* Ihò ìwòran ń fi bí àwòrán ṣe máa rí hàn yín kó tó jáde, kò sì mọ̀ pé fíláàṣì ń bọ̀. Ní f/8, 1/160, ISO 100 nínú yàrá, dúdú biribiri ni ẹ ó rí. Ẹ lọ pa àfihàn yẹn. Nínú Nikon, orúkọ rẹ̀ ni "Apply settings to live view". Nínú Canon, ẹ wá "Expo. simulation" tàbí "Display simulation". Nínú Sony, "Live View Display" ni, ẹ sì yan "Setting Effect OFF". Ẹ rántí tàn án padà lẹ́yìn iṣẹ́ fíláàṣì. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí, fíláàṣì kì í tàn rárá tí ẹ bá wà lórí ìyàwòrán aláìdún. R50 ní tirẹ̀ kò gba fíláàṣì Canon àtijọ́ lórí láìsí àdápítà kékeré AD-E1.

Àyẹ̀wò: ẹ tan gílóòbù yàrá, ẹ ya ògiri funfun ní 1/100 pẹ̀lú ṣọ́tà onírin, lẹ́yìn náà ní 1/500 láìdún. Ẹ ó fojú ara yín rí ìyàtọ̀ náà, ẹ kò sì ní gbàgbé bọ́tìnnì yẹn mọ́.

Ìpele 6: Kíkọ́ ọwọ́ àti ojú lákọ̀tun

Ẹni tó ti pẹ́ lórí DSLR ti mọ bó ṣe ń fi àmì àárín mú ojú ènìyàn, kó tó wá yí kámẹ́rà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi àṣà yẹn sílẹ̀. Ẹ yan fókọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé nǹkan, "Servo" lórí Canon, "AF-C" lórí Nikon àti Sony. Ẹ ṣí gbogbo ojú àwòrán fún un, ẹ ní ènìyàn ni kó máa wá, kẹ́ ẹ tan wíwá ẹyinjú. Àpótí kékeré á bọ́ sórí ẹyinjú, á sì máa bá a rìn dé etí àwòrán. Iṣẹ́ tiyín ni kẹ́ ẹ to àwòrán.

Ibi tó ti ń ṣì: gèlè tó ṣíji bo ojú, jígí dúdú, àti àwùjọ níbi tí àpótí ti ń fò láti ojú ìyàwó lọ sí ojú ìyá ọkọ. Nígbà náà, ẹ pààrọ̀ sí àpótí kékeré kan tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé, kẹ́ ẹ fi í sórí ẹni tí ẹ fẹ́. Fún Durbar, R6 Mark II àti R8 mọ ẹṣin tí ẹ bá yan ẹranko nínú ménù. Nígbà ọyẹ́, tí Zuma Rock bá dà bí òjìji nínú èéfín, fókọ́ọ̀sì á máa wá síwá sẹ́yìn lójú òkúta tó rẹ́ mọ́ ojú ọ̀run. Ẹ gbé àpótí lọ sí etí òkúta, níbi tó ti pàdé ọ̀run, tàbí sórí igi kan nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ wo bàbá kan tó wọ agbádá léèsì funfun, tó dúró nínú oòrùn lẹ́yìn ìkómọ. Kámẹ́rà rí funfun púpọ̀, ó fà á sẹ́yìn kí léèsì má baà tàn jù, ojú bàbá wá dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Lórí DSLR, ẹ̀yìn tí ẹ bá ti yà á tán lẹ ó mọ̀. Níbí, ẹ ń rí i nínú ihò kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ yí +/− lọ sí +0.7 títí ojú rẹ̀ á fi mọ́, kẹ́ ẹ sì máa wo àwòrán òkè kékeré tó ń fi ìmọ́lẹ̀ hàn nígun síkírínì. Tí òkè náà bá ti gbára lé ògiri ọwọ́ ọ̀tún, ojú abẹ́rẹ́ léèsì ti lọ, kò sí bí ẹ ṣe máa rí i padà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ dín in kù díẹ̀. Ẹ̀bùn tó tóbi jù tí kámẹ́rà yìí fún wa rèé, ó sì ń dunni pé ọ̀pọ̀ ń pa á torí ó ń jẹ bátìrì.

Àyẹ̀wò: ẹ jẹ́ kí ọmọ kan máa sáré bọ̀ wá bá yín ní Jabi Lake tàbí ní àgbàlá, ẹ ya 50 ní f/2.8. Ẹ fẹ̀ wọ́n lójú dé 100%. Tí ẹyinjú tó mú bá dín ní 35, ẹ padà lọ wo ménù fókọ́ọ̀sì. Ìtò ibẹ̀ ló máa ń ṣì jù, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ lẹ́ńsì.

Ìpele 7: Fáìlì àti oòrùn

Irú fáìlì àwòrán tí Canon ń kọ sórí káàdì (RAW) ti kúrò lórí CR2 bọ́ sórí CR3. Lightroom 6, ètò àtúnṣe àwòrán tí ọ̀pọ̀ ṣì ní lórí láàpútọ́ọ̀pù, kò mọ CR3. NEF ti Nikon kò yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ kò mọ NEF kámẹ́rà tuntun. Digital Photo Professional ti Canon àti NX Studio ti Nikon ń ṣí fáìlì ilé-iṣẹ́ wọn, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Adobe DNG Converter náà, ọ̀fẹ́ ni, ó máa yí wọn sí DNG tí ètò àtijọ́ lè kà. Ẹ gbìyànjú fáìlì kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó ya ẹgbẹ̀rún kan.

Ní ti oòrùn: ẹ má gbé kámẹ́rà sílẹ̀ kí ihò ìwòran kọjú sókè, gíláàsì rẹ̀ á kó oòrùn jọ, á jó síkírínì inú. Ẹ má sì fi lẹ́ńsì gígùn wo oòrùn ọ̀sán pẹ́, torí tààrà ló ń lọ sórí sẹ́ńsọ̀. 40°C ni òpin tí ilé-iṣẹ́ sábà máa ń kọ sí ìwé ìlò rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí a tì sójú oòrùn ní Sókótó ní oṣù kẹrin kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ òfin náà wà ńbẹ̀: Official Secrets Act ti 1962 ka yíya àwòrán ibi tí ìjọba dáàbò bò léèwọ̀. Ẹ má yọ kámẹ́rà ní ibùdó ọmọ ogun tàbí ibi àyẹ̀wò ojú ọ̀nà, bó ti wù kó kéré tó.

Ìpele 8: Títa DSLR

Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́. Láàárín rẹ̀, ẹ gbé kámẹ́rà tuntun nìkan jáde nígbà mẹ́rin ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan nínú gbọ̀ngán, ẹ̀ẹ̀kan ní alẹ́. Lẹ́ńsì tí ẹ kò bá gbé sórí àdápítà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ náà, òun ni kó bá DSLR lọ. Ẹni tó bá ní AF-D méjì tó fẹ́ràn, kó tọ́jú D7200 rẹ̀. Owó tí wọ́n máa fún un kò tó ohun tó máa pàdánù.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹni tó fẹ́ rà á:

1. Ẹ yọ káàdì.
2. Ẹ pa orúkọ yín rẹ́ níbi "Copyright" nínú ménù. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, orúkọ yín á máa wà nínú gbogbo àwòrán tí ẹlòmíràn bá yà.
3. Ẹ dá gbogbo ìtò padà sí ti ilé-iṣẹ́.
4. Ẹ fi ìdérí ẹnu rẹ̀, ṣájà rẹ̀ àti bátìrì tí kò wọ tuntun sí i. Èyí tó wọ tuntun, tiyín ni.

Àyẹ̀wò: ẹ ya àwòrán kan kẹ́yìn lórí DSLR náà, ẹ ṣí àlàyé fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ yín kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.